Ilẹ̀ Balùwẹ̀ Wa àti Apáàdì Lúwo

Ní sáà tó kọjá, ọ̀kan nínú wa ṣubú nínú balùwẹ̀ ilé tí a ń gbé, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni, kò sí iná, ilẹ̀ náà sì ti ń yọ̀ láti bí oṣù mẹ́ta. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó ń yọ̀. Ohun tí a ń ṣe kò ju pé kí kálukú rọra máa fi ẹsẹ̀ wá ibi tó gbẹ. Nígbà tí onítọ̀hún dé láti ilé ìwòsàn pẹ̀lú POP lọ́wọ́, ojú tì wá. A dá owó jọ, a ra ásíìdì, a dà á sílẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀ náà mọ́ tónítóní, a sì yin ara wa. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ojú símẹ́ńtì náà ti rí págunpàgun, ìdọ̀tí ti rí ihò wọ̀ sí, ó sì wá ń yọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìgbà yẹn ni àwa tí a fẹ́ràn ìtàn nínú ẹgbẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wa pé, báwo ni àwọn tó ṣáájú wa ṣe ń ṣe ilẹ̀ tí omi ń dà sí lójoojúmọ́?

Ilé-Ifẹ̀ la kọ́kọ́ yà sí. Ẹni tó bá ti rìn ní Ifẹ̀ rí lè ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìmọ̀: apáàdì tí wọ́n tò sínú ilẹ̀ ní ìnàró, tí etí rẹ̀ nìkan yọ sókè, nígbà mìíràn tí wọ́n tò ó bí eegun ẹja, tí wọ́n sì fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ ṣe ọnà sí i láàárín. Frank Willett tó wú ilẹ̀ ní Ìta Yemòó láti 1957 bá irú rẹ̀ pàdé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Peter Garlake rí òmíràn ní ilẹ̀ Ọbalárá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí ti lé ní 500 ọdún, ẹsẹ̀ ènìyàn sì ṣì lè gun orí wọn lónìí.

A ò sọ pé balùwẹ̀ ni o. Àgbàlá inú ilé ló pọ̀ jù nínú wọn, àti ojúbọ, àti ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àgbàlá ilé Yorùbá àtijọ́ ni omi òjò orí òrùlé ń dà sí láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí náà ìṣòro kan náà ni: omi, ẹsẹ̀, àti ẹrẹ̀. Ẹ wá wo ọgbọ́n inú rẹ̀. Apáàdì tí a bá tẹ́ ní ìdùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ wúwo kan péré ti fọ́ ọ. Tí a bá gbé e dúró, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fún mọ́ ara wọn, etí rẹ̀ ni yóò máa gba ìyà, yóò sì pẹ́ kó tó jẹ tán. Amọ̀ tí iná ti jó kì í sì í yòrò sínú omi mọ́. Etí apáàdì tó wà lókè kì í dán, ẹsẹ̀ á rí nǹkan dì mú.

Àwọn ará Ifẹ̀ ní Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ iṣẹ́ náà torí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun. Wọ́n tún ní àwọn tó ṣẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe é. Àwa ò rò pé iṣẹ́ tó mọ́ tó báyẹn lè jẹ́ iṣẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ nìkan. Ohun tó tilẹ̀ wọ̀ wá lọ́kàn ni pé obìnrin ló sábà máa ń mọ ìkòkò nílẹ̀ wa, obìnrin ló ń fi í se ọbẹ̀. Ìkòkò tó fọ́ lọ́wọ́ wọn ló wá di ilẹ̀ tí ọba ń rìn lé.

Balùwẹ̀ gan-an, bí àwọn ìyá àgbà wa ṣe mọ̀ ọ́n, kò sí nínú ilé. Ẹ̀yìnkùlé ni. Wọ́n á fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà yí i ká, wọ́n á to òkúta pẹlẹbẹ síbẹ̀ láti dúró lé, omi á sì máa ṣàn lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìyá àgbà ọ̀kan nínú wa ní yanrìn àti háhá àgbọn ni àwọn fi ń ha òkúta náà, oòrùn á sì bá wọn parí iṣẹ́ tó kù. Nígbà tí a sọ fún màmá pé balùwẹ̀ tiwa kò ní fèrèsé, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín.

Símẹ́ńtì ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ sí Èkó ní ọ̀rúndún 19 wà lára àwọn tó sọ iṣẹ́ bíríkìlà di iṣẹ́ ńlá níbẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni wolé-wolé, tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba gbogbo onílé, tó ń yẹ gọ́tà àti ìkòkò omi wò. Àjàkálẹ̀ àrùn tó jà ní Èkó láti 1924 sì tún mú kí ìjọba tẹra mọ́ ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó. Nígbà tí ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, símẹ́ńtì ti wá di ohun tí a ń ṣe nílẹ̀ wa. Balùwẹ̀ wọlé. Òkúta pẹlẹbẹ lọ, oòrùn náà ò sì bá a wọlé.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe wa wà. Ẹfun òkúta wà nínú símẹ́ńtì, ó sì wà nínú òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́rásò pẹ̀lú. Ásíìdì kì í jẹ ìdọ̀tí nìkan, ó ń jẹ ẹfun náà. Ìhó tó ń hó tí inú wa dùn sí lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀ ló ń yòrò. Èyí tó burú jù, ọ̀kan nínú wa fẹ́ da bílíìṣì lé e kó lè tètè mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò láé. Bí bílíìṣì bá pàdé ásíìdì, èéfín kọ́lórìn ló ń yọ, nínú yàrá kékeré tí kò ní fèrèsé, ó lè pa ènìyàn.

A ti pe bíríkìlà. Ó da omi díẹ̀ sílẹ̀, ó dúró, ó ń wò ó. Omi náà kò lọ síbi kankan. Ṣe ló dúró sí àárín. Ó ní ẹni tó ṣe ilẹ̀ yìí kò jẹ́ kó dà sí ihò omi rárá. Ó fi símẹ́ńtì tuntun ṣe é kó dà síbẹ̀, kò sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ dán jù. Ní báyìí, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ni à ń lò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, a sì ń gbá omi kúrò lẹ́yìn ìwẹ̀. A lẹ orúkọ mọ́ ara ilẹ̀kùn. Ẹni tó ṣubú ló ni ọ̀sẹ̀ yìí. Wọ́n ti tú POP náà, ó sì ní ọwọ́ òsì ni òun yóò fi di búrọ́ọ̀ṣì mú.