Àdàpè Ọ̀rọ̀ àti Ààbò Ọmọdé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àdàpè olè ni í jẹ́ ọmọ ń fẹ́wọ́. Kò sí àní-àní pé àdàpè ní ipò pàtàkì nínú èdè wa. A kì í sọ pé ọba kú. Ọba wàjà ni. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ejò di okùn. Ọ̀wọ̀ àti ìbẹ̀rù ló bí irú èyí, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n irú àdàpè mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ọ̀dájú nìkan ni ó ń jàǹfààní rẹ̀: ọ̀rọ̀ dídùn tí àgbàlagbà fi ń fa ọmọdé mọ́ra díẹ̀díẹ̀, títí tí yóò fi bá a lò pọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Láyé ìjọ́hun, ajigbèsè lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Olówó tí ó bá fipá bá ìwọ̀fà obìnrin lò pọ̀ pàdánù owó rẹ̀. Samuel Johnson kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ṣùgbọ́n bí àwọn òbí bá gbà pé kí ó fi í ṣe aya, gbèsè náà di owó orí. Ẹ wo agbára ọ̀rọ̀: ‘ó fipá bá a’ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ‘ó fẹ́ ẹ’ di àríyá, ó sì lè jẹ́ ọmọ kan náà, nínú ilé kan náà.

Òfin ọ̀daràn tí ìjọba amúnisìn fi lélẹ̀ ní 1916 kò ṣe dáadáa tó. Orúkọ tí ó fún bíbá ọmọbìnrin tí kò tí ì pé ọdún 13 lò pọ̀ kò ju ‘bíba ọmọ jẹ́’ lọ, bí ẹni pé ara ọmọ ni àbàwọ́n wà. Ohun tí ó sì wà nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni pé kí ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ láàrin oṣù méjì. Ọmọ tí a ti tàn fún ọdún kan, ṣé oṣù méjì tó o láti la ẹnu? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ni ó pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀: ìfipábánilòpọ̀ ni, ìbáà jẹ́ pé ọmọ náà gbà.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣe òfin fún wa náà ní àdàpè tiwọn. Títí di 2015 ni òfin wọn fi ń pe ọmọdé tí àgbàlagbà ń lò ní aṣẹ́wó. Ní ìlú Rotherham, ìwádìí tí Alexis Jay gbé jáde ní 2014 fi hàn pé ó tó 1,400 ọmọ tí wọ́n ṣe níṣekúṣe láàrin 1997 àti 2013. ‘Ọ̀rẹ́kùnrin’ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn apanilára náà pe ara wọn. Wọ́n ń fún àwọn ọmọ náà ní ẹ̀bùn, wọ́n ń fi mọ́tò gbé wọn kiri.

Báwo ni àgbà yóò ṣe dá a mọ̀? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ni kí a gbọ́, ibi tí a ti sọ ọ́ ni kí a wò. Bàbá àgbà ń pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ‘ìyàwó mi’, ìyá àgbà ń pe èyí ọkùnrin ní ‘ọkọ mi’. Àárín agbo ilé ni, gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. N kò ní kí a fi òfin de eré yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sọ ọ́ nínú yàrá, tí ó sì yí i padà sí ‘ọmọ mi’ nígbà tí ìyá ọmọ wọlé, ó ní ohun tí ó ń bò. ‘Ọmọ yìí gbọ́n ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ’ tún ń kọ́? Ẹni tí ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ ń fi ọdún kún ọdún ọmọ ni. ‘Má sọ fún màmá’ ni ó burú jù, ìbáà jẹ́ súìtì lásán ni ó ń bò.

Àwa òbí náà sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. A kọ́ ọmọ ní imú, etí àti orúnkún. Ojú ara rẹ̀ nìkan ni a kò fún un lórúkọ, ‘ibẹ̀’ ni a ní kí ó máa pè é. Ní ọjọ́ tí ó bá wá sọ pé, ‘Bùọ̀dá fọwọ́ kàn mí níbẹ̀,’ ọlọ́pàá tí ń kọ ẹ̀sùn yóò bi í pé, ‘Níbo?’