Òtítọ́ Inú Ìwé Àkọsílẹ̀ Ojoojúmọ́ Àwọn Ajíhìnrere Ọmọ Yorùbá ní Sẹ́ńtúrì Kọkàndínlógún

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń kọ ìgbé ayé ara rẹ̀ àti ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti kà mu. Bí ó bá kọ ọ́ bí ó ti rí gan-an, ó lè má dùn mọ́ ẹni tí ń kà á. Bí ó bá sì bu iyọ̀ sí i ju bí ó ti yẹ lọ, òǹkàwé yóò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ yóò di yẹpẹrẹ lọ́jọ́ iwájú. Àwọn ọmọ Yorùbá kan bá ara wọn nínú ìṣòro yìí ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Àwọn ni àlùfáà, olùkọ́ ìjọ àti tíṣà tí wọ́n ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹgbẹ́ ajíhìnrere tí a mọ̀ sí C.M.S., tí iṣẹ́ wọn sì mú un ní dandan kí wọ́n máa kọ ohun tí ojú wọn ń rí lójoojúmọ́ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ìwé wọ̀nyí jẹ́ orísun pàtàkì fún ìtàn ilẹ̀ Yorùbá láti nǹkan bí ọdún 1845 wá. Ajayi (1965) lò wọ́n. Ayandele (1966) náà lò wọ́n. Peel (2000) sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ lórí wọn ju àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, nínú kíláàsì ìtàn, ojú méjì ni a sábà máa ń fi wo ìwé wọ̀nyí. Àwọn kan gbà wọ́n gbọ́ láìbéèrè, nítorí pé ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni ó kọ wọ́n. Àwọn mìíràn dà wọ́n nù pátápátá, nítorí pé Òyìnbó ni ó ń san owó oṣù fún ẹni tí ó kọ wọ́n. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ojú méjèèjì kù díẹ̀ káàtó. Àwọn òǹkọ̀wé yìí ní ìdí láti pọ́n ara wọn àti iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó dára jù nínú wọn ní àwọn ìṣe kan tí ó so ọwọ́ wọn mọ́ òtítọ́. Àwọn ìṣe náà ni a óò gbé yẹ̀ wò, pẹ̀lú ibi tí òtítọ́ náà ti mẹ́hẹ.

Bí Ìwé Kíkọ Ṣe Di Ara Iṣẹ́

Ọdún 1799 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ C.M.S. sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹgbẹ́ náà retí pé kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa kọ ohun tí ó ṣe, ohun tí ó rí àti ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ oṣù, kí ó sì máa fi í ránṣẹ́ lóòrèkóòrè. Ohun tí ó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kì í sábà jẹ́ odindi ìwé náà. Òṣìṣẹ́ a jókòó, a ṣa àwọn ọjọ́ tí ó rí i pé ó ní ìtumọ̀, a dà wọ́n kọ ní mímọ́, a sì fi wọ́n ránṣẹ́. Nígbà tí ìwé bá dé òkè òkun, àwọn olóòtú a tún ṣà nínú ẹ̀ṣà náà fún àwọn ìwé ìròyìn ẹgbẹ́, bí Church Missionary Intelligencer tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1849. Àwọn ará ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń dá owó iṣẹ́ náà ni wọ́n ń kà á.

Asẹ́ méjì ni ọ̀rọ̀ gbà kọjá báyìí kí ó tó dé ojú ìwé títẹ̀. Asẹ́ kẹta ni èdè. Ọ̀rọ̀ tí ìyá aláta sọ ní ọjà ní èdè Yorùbá di èdè Gẹ̀ẹ́sì lójú ìwé, ẹni tí ó sì túmọ̀ rẹ̀ ni ẹni náà tí ó ń wàásù fún un. Ìwé Anna Hinderer, ìyàwó ajíhìnrere tí ó bá ọkọ rẹ̀ gbé ní Ìbàdàn láti ọdún 1853, jẹ́ àpẹẹrẹ bí asẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣa lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1870. A rí ìyà ìgbà Ogun Ìjàyè nínú rẹ̀, nígbà tí ọ̀nà dí, tí wọ́n sì ń ta ohun èlò ilé kí wọ́n tó lè jẹun. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó yan ohun tí a ó kà kò dé Ìbàdàn rí.

Oríire àwọn onímọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìwé àfọwọ́kọ náà kò parun. Wọ́n wà ní ìpamọ́ ní Yunifásítì Birmingham. Ohun mìíràn tí ó ṣe wá ní àǹfààní ni pé púpọ̀ nínú àwọn òǹkọ̀wé náà jẹ́ ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn Sàró tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú àti àwọn ọmọ wọn. Lẹ́yìn Ìfọ́lé ọdún 1867, nígbà tí wọ́n lé àwọn Òyìnbó ajíhìnrere kúrò ní Abẹ́òkúta, ọwọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ni iṣẹ́ ìjọ àti iṣẹ́ ìwé kíkọ ibẹ̀ bọ́ sí.

Crowther: Ẹni tí Ó Kọ Àìlera Ara Rẹ̀

Ọdún 1821 ni ogun kó Samuel Àjàyí Crowther ní Òṣogùn. Ní 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ń kó ẹrú kọjá òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ní 1837, ó kọ ìtàn ìmúlẹ́rú rẹ̀ sínú lẹ́tà kan sí akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ara rẹ̀ hàn bí akọni ìgbàgbọ́ kò níí kọ díẹ̀ nínú ohun tí ó wà nínú lẹ́tà náà. Crowther jẹ́wọ́ pé ní ọ̀pọ̀ òru òun gbìyànjú láti fi ọ̀já fún ara òun lọ́rùn, ṣùgbọ́n òun kò ní ìgboyà tó láti fà á le. Ó tún sọ ohun tí ó pa ni lẹ́rìn-ín: nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé àwọn wọ inú ọkọ̀ tí ó gbà wọ́n sílẹ̀, wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so rọ̀, wọ́n ṣe bí ẹran ara ènìyàn ni, wọ́n rí ọta àgbá, wọ́n ṣe bí orí ènìyàn ni. Ẹ̀rù àwọn olùgbàlà wọn ni ó ń bà wọ́n.

Kò sí èrè kan pàtó tí Crowther lè rí nínú kíkọ ìwọ̀nyí. Ẹ̀rù àti àṣìṣe ọmọdé ni, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ti rí. Ìdí nìyí tí a fi lè gbẹ́kẹ̀ lé ibi yòókù nínú ìtàn náà.

Àpẹẹrẹ kejì ni ti ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ, ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta. Ọjọ́ náà ni ìyá rẹ̀, Afala, wá a wá lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti já wọn gbà lọ́wọ́ ara wọn. Crowther kọ ọ́ pé ẹnu kò gba ọ̀rọ̀; wọ́n kàn ń wo ara wọn ni. Ó kọ ẹsẹ Bíbélì ọjọ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí ó sọ nípa ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́run fún aláìníbaba, ó sì ní agbára ẹsẹ náà kò yé òun tó bẹ́ẹ̀ rí. Kí a kíyè sí bí ó ṣe tò ó. Ohun tí ojú rí dúró lọ́tọ̀: ìyá dé, ọmọ wò ó, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà. Ohun tí ìgbàgbọ́ sọ nípa rẹ̀ náà dúró lọ́tọ̀. Ẹlẹ́sìn mìíràn tàbí aláìgbàgbọ́ lè kọ ìtumọ̀ rẹ̀, kí ó sì gba ìṣẹ̀lẹ̀ náà gbọ́ síbẹ̀. Kò sì sọ pé ojú ẹsẹ̀ ni ìyá rẹ̀ di ọmọ ìjọ. Ọdún 1848 ni a tó ṣe ìrìbọmi fún un, tí a sọ ọ́ ní Hannah.

James White ní Ọ̀tà: Kíkọ Ìkùnà Sílẹ̀

James White, ọmọ Sàró, ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà fún ọ̀pọ̀ ọdún láti àárín àwọn ọdún 1850. Ìjọ rẹ̀ kò tètè gbèrú. Ohun tí kò rọrùn láti kọ sí ẹni tí ń san owó iṣẹ́ ni pé àwọn ènìyàn gbọ́ ọ̀rọ̀, wọ́n fi sùúrù jókòó, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì padà sídìí òrìṣà wọn. Síbẹ̀, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àwọn òǹkọ̀wé yìí kọ ìdáhùn àwọn tí kò gbà wọ́n gbọ́. Babaláwo dá oníwàásù lóhùn. Obìnrin tí ó ń bọ òrìṣà nítorí ọmọ sọ ìdí rẹ̀. Baálẹ̀ ní ẹ̀sìn àwọn baba òun tó òun. Lóòótọ́, òǹkọ̀wé sábà máa ń fi ara rẹ̀ ṣe ẹni tí ó borí nínú àríyànjiyàn náà, ó sì máa ń fi ọ̀rọ̀ tí ó tàbùkù bí ‘kèfèrí’ pe àwọn tí ó ń bá jiyàn. Àléébù ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó kọ ọ̀rọ̀ alátakò sílẹ̀, a rí ọ̀rọ̀ náà lò lónìí láti mọ ohun tí àwọn baba ńlá wa gbà gbọ́ àti bí wọ́n ṣe ń gbè é lẹ́sẹ̀.

Ohun tí Wọn Kò Fẹ́ Kọ

Àkọsílẹ̀ lè má purọ́, kí ó sì tún má sọ òtítọ́ tán. Ọ̀rọ̀ ẹrú inú ilé àti ìwọ̀fà fi èyí hàn. Ẹgbẹ́ tí ó gbógun ti òwò ẹrú ni àwọn òǹkọ̀wé yìí ń ṣiṣẹ́ fún, ìwà tí wọ́n sì ń bá pàdé ládùúgbò ni níní ẹrú àti gbígba ìwọ̀fà. Ẹni tí ó bá ka ìròyìn ọjọ́ ìsinmi àti ìrìbọmi nìkan lè rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan inú ìjọ. Nígbà tí àríyànjiyàn gbóná ní ìparí àwọn ọdún 1870 ni ó hàn gbangba pé àwọn ọmọ ìjọ, títí kan àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ díẹ̀, ní ẹrú tàbí ìwọ̀fà. Àlùfáà James Johnson, tí wọ́n fi ṣe alábòójútó iṣẹ́ náà ní Abẹ́òkúta, takú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọ bínú sí i, ní 1880 wọ́n sì mú un kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ inú èyí ni pé òǹkọ̀wé máa ń dákẹ́ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ilé tirẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè mọ ìdákẹ́ náà bí a bá ka ìwé ẹnì kan ṣoṣo. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni kí a gbé ìwé ẹnì kan sí ẹ̀gbẹ́ ti ẹnì kejì.

Samuel Johnson: Láti Àkọsílẹ̀ Dé Ìtàn

Samuel Johnson ni ó fi hàn jù lọ bí ìṣe kíkọ lójoojúmọ́ ṣe lè di ìmọ̀ fún gbogbo ìran kan. Wọ́n bí i ní Sàró ní 1846. Ìbàdàn ni ó dàgbà sí, ibẹ̀ ni ó ti ṣe tíṣà àti olùkọ́ ìjọ kí ó tó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́. Ó kọ àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ránṣẹ́ sí C.M.S., ó sì parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí ó tẹ̀ ẹ́. Johnson kú ní 1901, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó fi àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ tún un kọ, tí ó fi jáde ní 1921. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà, Johnson dárúkọ àwọn tí ó sọ ìtàn fún un, láti orí àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ dé orí David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ Ìbàdàn. Ó jẹ́ kí òǹkàwé mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá.

Ọ̀rọ̀ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tí wọ́n pa ní 1874, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nítorí eré onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí wọ́n ń kà. Ìbàdàn ni Johnson wà nígbà náà. Kò bo ìkà tí obìnrin náà ṣe sí àwọn ẹrú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ìbànújẹ́ ikú ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo tí ó ṣáájú ìkà náà. Ó tún to ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòósà kà sí i lọ́rùn lẹ́sẹẹsẹ: pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, àti pé kò wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun padà dé. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹrú tí ó pa nínú ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òǹkọ̀wé tí ó fẹ́ fi ikú Ìyálóde wàásù nìkan ì bá ti fo ibẹ̀ yẹn.

Àǹfààní fún Olùkọ́

Olùkọ́ tí yóò lo irú ìwé yìí ní kíláàsì lè fi ìbéèrè mẹ́rin lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ta ni a kọ ọ́ fún, kí sì ni onítọ̀hún fẹ́ gbọ́? Èwo ni ojú rí, èwo sì ni ìgbàgbọ́ túmọ̀? Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ alátakò àti ìkùnà òǹkọ̀wé wà níbẹ̀? Kí ni ẹlòmíràn tí ó wà níbẹ̀ kọ? Ó dára bákan náà kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ kọ ìgbé ayé ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú ọjọ́ oṣù, kí ó sì da ẹ̀ṣà rẹ̀ kọ fún olùkọ́. Nígbà tí ó bá wo ohun tí òun yọ kúrò, yóò mọ ohun tí ojú Crowther àti White rí.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé àwọn ajíhìnrere ọmọ Yorùbá kọ̀wé lábẹ́ ojú ẹni tí ń sanwó fún wọn, ní èdè tí kì í ṣe ti ìyá wọn, nípa ìgbàgbọ́ tí wọ́n fẹ́ kí ó gbilẹ̀. Ìwọ̀nyí tó láti sọ òtítọ́ di àdàlù. Ohun tí ó gba àwọn tí ó dára jù nínú wọn là ni pé wọ́n fi ọjọ́ sí ọ̀rọ̀, wọ́n kọ àìlera àti ìkùnà, wọ́n jẹ́ kí alátakò sọ tẹnu rẹ̀, wọ́n sì dárúkọ ẹni tí ó sọ fún wọn. Níbi tí wọ́n ti pa àwọn ìṣe yìí tì, bí i ti ọ̀rọ̀ ẹrú, a ti rí àbùkù rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹni tí ó bá ń kọ ayé rẹ̀ àti ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lónìí yóò ṣe é bí ẹni tí ó mọ̀ pé a óò gbé ìwé òun sí ẹ̀gbẹ́ ìwé aládùúgbò òun lọ́jọ́ kan.