Ẹsẹ̀ Tó Ń Jó: Ìtàn Láti Ẹ̀pẹ́ Dé Abẹ́rẹ́ Ilẹ̀ Ṣáínà

Láti Kabba ni a ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ìtàn ti òní, orí ẹsẹ̀ ló dá lé.

Ta ni kò tíì gbọ́ ọ rí lẹ́nu àwọn àgbà? "Ẹsẹ̀ mi ń jó." "Ó ń ta mí bí ata." "Ó dà bí ìgbà tí èèrà ń rìn lábẹ́ awọ." Ẹlòmíràn á ní ẹsẹ̀ òun ti kú: bàtà bọ́ sílẹ̀, òun ò mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dà báyìí, àwọn ará àdúgbò kì í pẹ́ dájọ́: "Ó tẹ nǹkan." Ìyẹn ni pé ẹnì kan ti da oògùn sílẹ̀ dè é. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò sín gbẹ́rẹ́ sí i lẹ́sẹ̀.

Ìbéèrè tí a fẹ́ kí ìtàn bá wa dáhùn nìyí: nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń jó, kí ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣe?

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, iṣan, fún ohun púpọ̀: èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, èyí tó so ẹran ara mọ́ egungun, àti èyí tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ. Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀rọ̀ wa. Ó dà bí wáyà iná. Bí ara wáyà bá bó, ó lè máa ṣáná. Bó bá já, iná á kú. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ kan náà fi lè máa jó lóru, kó má sì mọ̀ pé ìṣó gún òun lọ́sàn-án. Àwọn tó gùn jù lára wáyà wọ̀nyí ló dé ẹsẹ̀, àwọn náà ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

Ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú ìtàn àìsàn yìí. Ní 1934, dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ Moore kọ̀wé nípa àwọn èèyàn tí ojú wọn ń ṣókùnkùn ní gúúsù Nàìjíríà. Oúnjẹ tí kò pé ló fura sí. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní 1957, ọmọ Òkèmẹ̀sí Èkìtì kan gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibi tí gbogbo ayé fi gbọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ni, tí wọ́n bí ní 1935, tó sì kú ní 1995.

Àwọn aláìsàn tí Ọ̀ṣúntókun ń rí, ẹsẹ̀ wọn ń jó, wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, ojú àwọn kan ti fọ́, etí àwọn mìíràn ti di. Ó tọ̀ wọ́n lọ sílé, títí dé agbègbè Ẹ̀pẹ́, ó sì wo ohun tó wà nínú abọ́ wọn. Ẹ̀gẹ́ ni láàárọ̀, ẹ̀gẹ́ ni lálẹ́, ẹran àti ẹja kò tó nǹkan. Nínú ẹ̀gẹ́ tútù ni májèlé sáyánáìdì ti lè jáde. Rírẹ, rírin, fífún àti yíyan gààrí ló ń lé e kúrò. Bí wọ́n bá sì kánjú ṣe é, ó máa ń ṣẹ́kù. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó rí àmì rẹ̀ níbẹ̀. Ní 1968, iṣẹ́ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn tó ń jẹ́ Brain, ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ní 2000, àwọn olùwádìí mìíràn tẹ èsì tiwọn jáde láti Ososa, ìlú Hubert Ògúndé lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Nínú èèyàn 100 tí wọ́n yẹ̀ wò, bí 6 ló ní àìsàn náà, àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n tún lọ sí Jobele ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n bá sáyánáìdì púpọ̀ láti inú oúnjẹ ẹ̀gẹ́, síbẹ̀ àìsàn náà kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹjọ́ ẹ̀gẹ́ kò tíì parí. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni pé Ọ̀ṣúntókun kò dájọ́ láìwádìí, àwọn tó tẹ̀lé e náà kò sì gba ìdájọ́ rẹ̀ láìwádìí.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí Ṣáínà. Bí a bá sọ pé abẹ́rẹ́, ti nọ́ọ̀sì ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn, èyí tí oògùn wà nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ acupuncture kò ní oògùn nínú. Ó tín-ín-rín bí irun, wọ́n á gún un sí ojú ibi tí wọ́n yàn lára, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ti lé ní 2,000 ọdún tí àwọn ará Ṣáínà ti ń ṣe é. Ní 1971, ọdún kan náà tí ìjọba Nàìjíríà àti ti Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ àjọṣe, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún akọ̀ròyìn Amẹ́ríkà kan, James Reston, ní Beijing. Oògùn òyìnbó ni wọ́n fi pa ìrora iṣẹ́ abẹ náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ tọ́jú inú tó ń dùn ún. Ó kọ ọ́ sínú New York Times, òkìkí sì kàn.

Ṣé ó wo ẹsẹ̀ tó ń jó? Ní 1998, àwọn dókítà Amẹ́ríkà gbé èsì ìdánwò jáde lórí èèyàn 250 tí HIV ti ba iṣan ẹsẹ̀ wọn jẹ́. Abẹ́rẹ́ tòótọ́ kò ṣe ju abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn lọ. Amitriptyline, oògùn òyìnbó tí wọ́n dán wò pẹ̀lú rẹ̀, kò ṣe ju oògùn ẹ̀tàn lọ bákan náà! Ní 2017, ẹgbẹ́ Cochrane kó ìwádìí 6 jọ, èèyàn 462, lórí abẹ́rẹ́ yìí àti ìrora iṣan. Wọ́n ní ẹ̀rí kò tíì tó láti sọ pé ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ń fi í wo gbogbo rẹ̀ sàn, ẹ bi í ní ẹ̀rí.

Àwọn kan ń bi wá pé ṣé gbẹ́rẹ́ wa kọ́ nìyẹn. Rárá o. Abẹ ló ń la gbẹ́rẹ́, oògùn ni wọ́n sì ń fi ra á. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Lóde òní, àtọ̀gbẹ wà lára ohun tó ń ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́ jù lọ. Ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ kì í tètè jinná. Ojú gbẹ́rẹ́ kékeré, tàbí omi gbígbóná tí ẹsẹ̀ kò mọ̀ pé ó gbóná, lè di egbò, egbò lè kẹ̀, wọ́n sì lè gé ẹsẹ̀ náà. Àgbẹ̀ tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, ta ni yóò bá a kọ ebè?

Èyí kò ní ká lé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ lọ. Ní 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ sí bá wọn ṣiṣẹ́ ní Aró, l'Abẹ́òkúta, nínú ìtọ́jú àrùn ọpọlọ. Nígbà náà, dókítà ń ṣe tirẹ̀, oníṣègùn ń ṣe tirẹ̀, aláìsàn sì ń gbé láàárín ẹbí. Àjọṣe rere nìyẹn: olúkúlùkù mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ dé.

Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ Bàbá tàbí Màmá bá ń jó, ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ béèrè nípa HIV, ẹ̀tẹ̀, ọtí àti fítámìn B12, pàápàá bí wọ́n bá ti ń lo metformin tipẹ́, nítorí ó lè dín fítámìn náà kù. Ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn lálaalẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bí wọ́n bá fẹ́ abẹ́rẹ́ Ṣáínà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tuntun, kí dókítà wọn mọ̀ sí i, kí wọ́n má sì torí ẹ̀ pa oògùn tì. Ìrora ni abẹ́rẹ́ lè bá jà; kò lè sọ ohun tó fa ìrora náà fún wa.

Ẹ bá wa fi ìpín yìí ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó. Ó dìgbà kan ná.