Òǹtẹ̀ Ìfìwéránṣẹ́ àti Lẹ́tà Ọkọ̀ Òkun ní Èkó, títí dé Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Àkójọ òǹtẹ̀ ìfìwéránṣẹ́ ni kíkó àpò lẹ́tà àtijọ́ jọ nítorí àmì tí akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ fi ọwọ́ tẹ̀ sí wọn lára. Irin tó ní èèkù igi ni òǹtẹ̀ náà. Wọ́n gbẹ́ orúkọ ìlú yí ojú rẹ̀ ká, wọ́n sì fi àárín rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́, oṣù àti ọdún tí akọ̀wé ń pààrọ̀, kí tàdáwà rẹ̀ lè pa sítáǹpù tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lò ó lẹ́ẹ̀kejì, kí ó sì jẹ́rìí sí ibi tí lẹ́tà gbà kọjá.

Ojú òkun ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní 1852, African Steam Ship Company tí Macgregor Laird dá sílẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti máa gbé lẹ́tà wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lóṣooṣù. Sítáǹpù Èkó kò jáde títí di 1874, nítorí náà òǹtẹ̀ àti iye owó tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ni olórí ẹ̀rí lára lẹ́tà tó ṣáájú ìgbà náà. Iyanrìn tó dí ẹnu ọ̀sà kò sì jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ kéékèèké ló ń lọ kó àpò lẹ́tà wá láti ojú agbami.

Èyí tó wuyì gan-an lára lẹ́tà ọkọ̀ òkun ni lẹ́tà tó ní àmì PAQUEBOT, èyí tí Àjọ Ìfìwéránṣẹ́ Àgbáyé fi ń dá lẹ́tà tí wọ́n kọ nínú ọkọ̀ mọ̀. Sítáǹpù orílẹ̀-èdè tó ni àsíá ọkọ̀ ni wọ́n ń lò lójú agbami, ṣùgbọ́n èbúté tí wọ́n já lẹ́tà sí ni wọ́n ti ń tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Ìdí nìyí tí sítáǹpù Gẹ̀ẹ́sì fi lè ru òǹtẹ̀ Èkó, bí èyí tó bá Aureol wá, ọkọ̀ Elder Dempster tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Liverpool sí Èkó ní 1951. Ẹni tó bá gé irú sítáǹpù bẹ́ẹ̀ kúrò lára àpò rẹ̀ ti pa ẹ̀rí run, nítorí àpò náà lódindi ló ń sọ ibi tí lẹ́tà ti wá, ibi tó ń lọ àti ọkọ̀ tó gbé e.

Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ kò ní èbúté, ṣùgbọ́n ojú irin tó ti Ìdó dé Ìbàdàn ní 1901 gba Òṣòdì kọjá. Imperial Airways mú lẹ́tà òfuurufú dé Èkó ní 1936, pápákọ̀ òfuurufú tó wà nítòsí Mafoluku, àdúgbò kan ní Òṣòdì, sì gba iṣẹ́ tí ọkọ̀ òkun ń ṣe díẹ̀díẹ̀, títí Aureol fi fi ọ̀nà náà sílẹ̀ ní 1974. Nítorí náà, àpò lẹ́tà òfuurufú alálà pupa àti búlúù tí àwọn ìdílé àdúgbò Ajao Estate tàbí Mafoluku bá ní nípamọ́ yẹ fún àkójọ bí ti ọkọ̀ òkun, bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ ọ̀rinrin Èkó.

Irin òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀ gba ìṣọ́ra, nítorí ẹni tó bá ní ògbólógbòó lọ́wọ́ lè to ọjọ́ àtijọ́ sínú rẹ̀. Sítáǹpù tí a kọ NIGERIA nìkan sí bẹ̀rẹ̀ ní 1914, nítorí náà òǹtẹ̀ 1910 lára rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Ẹgbẹ́ West Africa Study Circle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń tẹ ìwé ìròyìn Cameo, ń ṣèwádìí irú nǹkan báyìí, àwọn aṣàkójọ sì máa ń fi ibi tí etí irin ti sán tàbí tí lẹ́tà orúkọ ìlú ti wọ́ dá òǹtẹ̀ kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì.