Ọjọ́ 14 péré fún ìdánrawò ìbọn: Bí Burkina Faso ṣe sọ ará ìlú di aṣọ́lé

Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ni òfin Burkina Faso là kalẹ̀ fún ará ìlú tó bá fẹ́ gbé ìbọn láti dáàbò bo abúlé rẹ̀.

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí ni àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń ki ọta sínú ìbọn àti bí wọ́n ṣe ń yìn ín, títí kan ohun tí òfin sọ nípa ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Lẹ́yìn náà, ó di ilé, tòun ti ìbọn ìjọba.

VDP ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti dáàbò bo ilẹ̀ baba wọn.

Àmọ́ kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ìjọba tó wà ní Ouagadougou yóò fi ìbọn lé ará ìlú lọ́wọ́.

Sankara àti àwọn ọ̀dọ́ CDR

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹjọ, ọdún 1983, tí Captain Thomas Sankara gba ìjọba, ó bọ́ sórí rédíò, ó sì ní kí àwọn èèyàn dá ìgbìmọ̀ tí yóò dáàbò bo ìyípadà náà sílẹ̀ níbi gbogbo. Ìgbìmọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní CDR.

Kò pẹ́ tí CDR fi wà ní àdúgbò, iléeṣẹ́ àti iléèwé. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì fọwọ́ kan ìbọn rí gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ń gbé Kalashnikov ṣọ́ òpópónà lóru.

Sankara fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé ọmọ ogun tí kò ní ẹ̀kọ́ òṣèlú lè di ọ̀daràn. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan lára CDR gan-an nìyẹn. Wọ́n ń fi ìbọn gbẹ̀san ìjà àtijọ́, wọ́n sì ń fi halẹ̀ mọ́ aládùúgbò. Lọ́dún 1986, níbi àpérò tí wọ́n ṣe, Sankara bá wọn wí ní gbangba.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun pa á ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, ọdún 1987, ìbọn CDR kò gbà á sílẹ̀. Blaise Compaoré tó gbapò rẹ̀ tú wọn ká.

Koglweogo dé

Compaoré sá kúrò lórí oyè lọ́dún 2014. Lẹ́yìn ìyẹn ni olè àti adigunjalè gbilẹ̀ ní ìgbèríko, tí ẹgbẹ́ Koglweogo sì ń tàn kálẹ̀. "Aṣọ́gbó" ni ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Moore.

Ìbọn wọn kò ju irú ṣakabùlà tí a mọ̀ nílé lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn wọn torí pé wọ́n ń mú olè. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń so afurasí mọ́lẹ̀, wọ́n ń nà án, wọ́n sì ń bu owó ìtanràn lé e lórí. Ní ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè náà, àwọn dozo, tí wọ́n jọ àwọn ọlọ́dẹ wa, kò gbà kí wọ́n wọ agbègbè wọn.

Ní ọjọ́ kìíní, ọdún 2019, àwọn agbébọn pa baálẹ̀ Yirgou. Koglweogo kọjú ìjà sí àwọn Fúlàní. Ìjọba ní èèyàn 49 ló kú. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ní wọ́n tó 210.

Oṣù kan náà pẹ̀lú Àmọ̀tẹ́kùn

Nínú oṣù Kọkànlá, ọdún 2019, wọ́n kọlu ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìwakùsà ní Boungou, èèyàn bíi 40 sì kú. Lọ́jọ́ kejì ni Ààrẹ Roch Kaboré ní kí ará ìlú jáde wá gbèjà ara wọn. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kìíní, ọdún 2020, ilé aṣòfin fọwọ́ sí òfin VDP.

Ọjọ́ méjìlá ṣáájú ìyẹn ni àwọn gómìnà ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn.

Ìṣòro kan náà ló bí àwọn méjèèjì, àmọ́ ìbọn wọn yàtọ̀. Lẹ́yìn ìkọlù ṣọ́ọ̀ṣì St Francis ní Ọ̀wọ̀ lọ́dún 2022, Gómìnà Rotimi Akeredolu ní Oǹdó yóò ra AK-47 fún Àmọ̀tẹ́kùn, bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti gbà á láàyè fún fijilanté Katsina. Iléeṣẹ́ ààrẹ fèsì pé kò sẹ́ni tí wọ́n fún láyè.

Burkina Faso kò bẹ̀rù ìyẹn rárá. Lójú tèmi, ẹni tí ìbọn náà ń gbọ́ tirẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yanjú.

Àádọ́ta ẹgbẹ̀rún

Nínú oṣù Kẹwàá, ọdún 2022, ìjọba Captain Ibrahim Traoré ní òun ń wá VDP 50,000. Láàárín oṣù kan, èèyàn 90,000 ti forúkọ sílẹ̀.

Human Rights Watch sọ lọ́dún 2025 pé àwọn ọmọ ogun àti VDP lọ́wọ́ nínú ikú àwọn Fúlàní tó lé ní 100 ní agbègbè Solenzo. Ìjọba ní ìròyìn èké ni àwọn fídíò tó ń jà ràìn-ràìn.

Àwọn agbésùnmọ̀mí náà kò fi abúlé tí wọ́n bá rò pé ó ti gba ìbọn ìjọba sílẹ̀. Ní Barsalogho, ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹjọ, ọdún 2024, àwọn ará ìlú ń gbẹ́ kòtò ààbò yí ìlú wọn ká nígbà tí wọ́n yìnbọn lù wọ́n. Èèyàn tó lé ní 100 ló kú. Ẹgbẹ́ JNIM ní ọmọ ogun àti VDP ni wọ́n. Àwọn mọ̀lẹ́bí wọn ní tipátipá ni wọ́n fi kó wọn lọ gbẹ́ kòtò náà.