Ilé Ni Ìgbéraga Ti Ń Lu Akànṣẹ́: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn Battling Siki

Ní ẹ̀yìn ìsọ̀ ìyá mi ní Ọjà Ọba, nílùú Òṣogbo, àpò kan wà tí wọ́n rọ yanrìn kún inú rẹ̀, tí wọ́n sì fi okùn so rọ̀ mọ́ òpó. Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló so ó rọ̀ síbẹ̀. Kí àwọn ọlọ́jà tó tú ẹrù wọn láàárọ̀, òun á ti máa gbá àpò náà lẹ́ṣẹ̀ẹ́, gbì, gbì, gbì. Àwọn ìyá ọlọ́jà a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n àwọn náà ni wọ́n ń fún un ní ẹ̀kọ àti àkàrà. Lọ́dún tó kọjá, ó lọ díje ní ìlú mìíràn, ó sì na ẹni tí gbogbo ènìyàn rò pé yóò nà án. A jó, a yọ̀. Láti ọjọ́ náà ni àpò yanrìn ti ń dá wà. Nígbà tí kóòṣì rẹ̀ wá a wá sí ọjà, ohun tó sọ ni pé, "Ẹ má dà mí láàmú mọ́, sà. Ta ló kù tí mo máa nà ní agbègbè yìí?" Kóòṣì kò fèsì. Ó wo àpò yanrìn náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, nítorí pé mo mọ ohun tí Ọlọ́run fi sí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló mú kí n wá inú ìtàn lọ, kí n lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn akànṣẹ́ tó ní ẹ̀bùn bíi tirẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ìgbéraga kì í dúró de akànṣẹ́ lójú ìjà. Ilé ló ti ń lù ú: ní òwúrọ̀ tó yẹ kó jí tí kò jí, ní ìmọ̀ràn tó yẹ kó gbọ́ tó kọ etí dídi sí. Ọjọ́ tí ayé bá rí i nílẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti ṣubú. Ìtàn tó fi èyí hàn mí jù lọ ni ti ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá àgbáyé nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn.

Louis Mbarick Fall ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Battling Siki ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Ìlú Saint-Louis ní orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gàl ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1897, nígbà tí àwọn Faransé ń ṣàkóso ibẹ̀. Ọmọdé ló wà tó ti dé ilẹ̀ Faransé, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, ó di ọmọ ogun Faransé. Ó jà tọkàntọkàn débi pé wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ fún ìgboyà rẹ̀. Nígbà tí ogun parí, ó padà sí ìdí ẹ̀ṣẹ́. Ó lágbára, ara rẹ̀ le koko, kì í sì í tètè rẹ̀ ẹ́. Ó ń na ènìyàn lọ ràì.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1922, wọ́n mú Siki kojú Georges Carpentier ní Montrouge, lẹ́bàá ìlú Paris. Ta ni kò mọ Carpentier nígbà náà? Òun ni ààyò gbogbo ọmọ Faransé. Láti 1920 ló ti wà lórí oyè ọ̀gá àgbáyé ní ìpele tó tẹ̀lé ti àwọn tó wúwo jù lọ. Nígbà tó kojú Jack Dempsey ní Amẹ́ríkà ní 1921, owó tí àwọn òǹwòran san ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Lójú ọkùnrin yìí, ta ni Siki? Kò fi bẹ́ẹ̀ múra fún ìjà náà. Ó rò pé òun yóò wá ṣeré níwájú àwọn tó ju 40,000 lọ tó kún pápá náà ni, kí òun sì gba owó òun lọ.

Eré náà kọ́kọ́ fẹ́ rí bó ṣe rò. Siki ṣubú, ó dìde. Ó tún ṣubú, ó tún dìde. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, nǹkan yí padà. Ẹ̀ṣẹ́ Siki bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò. Ojú Carpentier wú, ẹ̀jẹ̀ ń dà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀ mọ́. Ní ráúǹdù kẹfà, ó ṣubú lulẹ̀, kò sì le dìde. Rẹfirí kọ́kọ́ sọ pé Siki fi ẹsẹ̀ gbé e ṣubú ni, ó sì fẹ́ gba ìjà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ariwo sọ láàárín èrò. Àwọn adájọ́ ìjà fikùnlukùn, wọ́n yí ìdájọ́ náà padà, Siki sì di ọ̀gá àgbáyé. Lẹ́yìn náà, Siki fúnra rẹ̀ sọ pé àdéhùn ti wà pé kí òun ṣubú fún Carpentier, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyà náà pọ̀ jù, òun kọ̀ láti ṣubú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Carpentier ná. Kò sí ẹni tó sọ pé kò mọ ẹ̀ṣẹ́ kàn. Ohun tó gba adé lórí rẹ̀ ni pé ó fi ojú kéré ẹni tó wà níwájú rẹ̀, kò sì múra. Àwọn àgbà ní alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Siki tó jàǹfààní ìgbéraga ẹlòmíràn ni ì bá kọ́kọ́ kọ́gbọ́n nínú rẹ̀. Kò kọ́ ọ.

Láàárín oṣù díẹ̀, gbogbo Paris ti mọ Siki bí ẹni mowó. Ó wọ aṣọ olówó iyebíye, ó fi okùn fa ọmọ kìnnìún káàkiri ìgboro, ó ń mu ọtí ní ilé ọtí kan sí òmíràn, ó sì ń ra ọtí fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Bí ọ̀rẹ́ ṣe ń pọ̀ ni ìmúra ń dín kù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1922 kan náà, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó lu mánéjà akànṣẹ́ mìíràn níbi ìjà tí kì í ṣe tirẹ̀, àjọ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ilẹ̀ Faransé sì fòfin dè é.

Nígbà tí kò ríbi jà ní Faransé, ó gbà láti gbé adé rẹ̀ lọ sí Dublin ní ilẹ̀ Ireland. Ẹni tó fẹ́ kojú ni Mike McTigue, ọmọ Ireland. Ọjọ́ tí wọ́n mú ni 17 oṣù Kẹta, ọdún 1923, ọjọ́ Patrick Mímọ́, tí í ṣe ọjọ́ àjọ̀dún ńlá fún gbogbo ọmọ Ireland. Ogun abẹ́lé sì ń lọ lọ́wọ́ nílùú náà. Ta ni yóò jókòó ti ọ̀gá àgbáyé tí kò ní sọ fún un pé kó má gbé adé rẹ̀ lọ sí ilé alátakò, ní ọjọ́ àjọ̀dún alátakò? Wọ́n ja ráúǹdù 20, wọ́n sì kéde pé McTigue ló borí. Oṣù mẹ́fà péré ni Siki lò lórí oyè.

Ó kọjá sí Amẹ́ríkà lọ́dún náà, ṣùgbọ́n kò rí adé náà gbà mọ́. Kid Norfolk nà án ní 1923, Paul Berlenbach sì nà án ní 1925. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá di ti ìjà ìgboro, ọtí àti àgọ́ ọlọ́pàá. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá, ọdún 1925, wọ́n bá òkú rẹ̀ ní òpópónà kan ní New York. Wọ́n ti yìnbọn lù ú láti ẹ̀yìn. Ọmọ ọdún 28 ni. Ọdún 1993 ni wọ́n tó gbé egungun rẹ̀ padà sí Sẹ̀nẹ̀gàl.

Ṣé ìgbéraga nìkan ló pa Siki? Rárá o. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, mo purọ́ mọ́ òkú. Àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà pè é ní ẹranko inú igbó, torí pé ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kó bá Joe Beckett jà ní London, torí wọn kò fẹ́ kí ènìyàn dúdú na òyìnbó lójú gbogbo ayé. Blaise Diagne, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl tó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Faransé, dìde gbèjà rẹ̀ níbẹ̀. Ìwà ìrẹ́jẹ wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí gan-an ló mú ọ̀rọ̀ Siki ká mi lára. Ìrẹ́jẹ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè dá a dúró. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni àkókò tí yóò sùn, ẹni tí yóò bá rìn, ìmọ̀ràn tí yóò gbà. Ẹni tí ayé ń dọdẹ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún wọn.

Adé tí Siki sọ nù yìí tún padà bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ wa ní ọdún 1966. Richard Ihetu, ọmọ Amaigbo ní ilẹ̀ Ìgbò, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Dick Tiger, ló gbà á. Ẹ wo bí tirẹ̀ ṣe rí. Nígbà tó dé Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1955, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kọ́kọ́ jà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n sì nà án. Kò sá wálé, kò sì sọ pé òun ti mọ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ní 1962, ó na Gene Fullmer ní Amẹ́ríkà, ó sì di ọ̀gá àgbáyé ní ìpele àárín. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ, ọdún 1963, ó tún bá Fullmer jà nílùú Ìbàdàn, ní pápá ìṣeré Liberty. Fullmer kò lè jáde fún ráúǹdù kẹjọ. Adé náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, ó gbà á padà ní 1965. Ọmọ ọdún 37 ni nígbà tó gba adé kejì ní 1966. Nígbà tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà gbọ́n owó rẹ̀ lọ, ọ̀gá àgbáyé yìí kò kọ iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York. Kò fi oyè ṣe ìyẹ̀ tí yóò fi fò kọjá iṣẹ́. Ọdún 1971 ló kú, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ la sì ń pe orúkọ rẹ̀ títí dòní.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìtàn àtijọ́ nìkan ni mo ń pa. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, ọdún 2019, Andy Ruiz na Anthony Joshua, tí ìdílé rẹ̀ wá láti Ṣàgámù, ní ráúǹdù keje. Kò sí ẹni tó retí rẹ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n tún pàdé ní Saudi Arabia. Joshua ti dín ara kù, ó ti padà lọ kọ́ ohun tó ṣì. Ruiz, tó wúwo tó páùn 268 nígbà àkọ́kọ́, ti di páùn 283. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àríyá gba oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ òun. Joshua borí. Ẹni tí wọ́n nà padà sí ẹnu iṣẹ́, ẹni tó borí padà sí ìdí àríyá.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìgboyà àti ìgbéraga? Muhammad Ali fọ́nnu ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó na George Foreman ní Kinshasa ní 1974, ó ti múra gidigidi kó tó wọlé ìjà. Nítorí náà, ariwo ẹnu kọ́ ni ìgbéraga. Ìgboyà ní, "Mo lè ṣe é." Ìgbéraga ní, "N kò nílò láti múra." Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá gba ipò kìíní ní sáà àkọ́kọ́ tó sì pa ìwé tì ní sáà kejì, ọmọ ìyá Andy Ruiz ni. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, ẹ yìn wá nígbà tí a bá borí, ṣùgbọ́n ẹ bi wá lọ́jọ́ kejì pé àsìkò wo ni a jí.

Mo ka àròkọ yìí sétí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn ìsọ̀, kí n tó fi ránṣẹ́. Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, ó bi mí pé, "Dick Tiger yẹn, ẹ̀ẹ̀melòó lo ní wọ́n nà án tẹ̀léra?"

Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó dìde, ó fọwọ́ kan okùn àpò yanrìn náà, ó fà á wò bóyá ó ṣì le.