Ìtàn favicon: àwòrán bíńtín tó mọ òfófó ṣe

Ẹ wo òkè browser yín, níbi tí àwọn táàbù tẹ́ ẹ ṣí wà. Ẹ rí àwòrán bíńtín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìkànnì kọ̀ọ̀kan? Favicon lorúkọ ẹ̀. Ilà ojú ìkànnì ni: kẹ́ ẹ tó ka orúkọ, ẹ ti mọ ilé tó ti wá. Ẹ fara balẹ̀ o, ìtàn ẹ̀ gùn díẹ̀, ó sì kan ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ kóòdù.

Ọdún 1999. Ìjà browser ṣì ń lọ láàárín Microsoft àti Netscape. Lóṣù kẹta ọdún yẹn ni Microsoft gbé Internet Explorer 5 jáde. Téèyàn bá fi ìkànnì kan pamọ́ sí Favorites nínú ẹ̀, àwòrán kékeré kan á jókòó ti orúkọ ìkànnì náà. "Favorite" àti "icon" ni wọ́n so pọ̀ tó di favicon.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Bharat Shyam ló kọ kóòdù ẹ̀, pé ilẹ̀ ti ṣú, àwọn ọ̀gá ti relé, ló bá lọ fi han ọ̀gá kékeré kan tó ṣẹ́ kù ní ọ́fíìsì, ìyẹn sì ní kó gbé e wọlé. Ẹ ò rí nǹkan. Ohun tí gbogbo ayé ń lò lónìí, ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le. Ẹni tó ni ìkànnì á ya àwòrán píksẹ́lì 16 sí 16, á pè é ní favicon.ico, á gbé e sẹ́nu ọ̀nà server ẹ̀ gan-an. Browser á lọ kan ilẹ̀kùn fúnra ẹ̀: favicon.ico dà? Tí kò bá sí, server á dáhùn 404. Àwọn tó ń tọ́jú server kàn ṣàdédé rí i pé àkọsílẹ̀ wọn ti kún fún àṣìṣe lórí fáìlì tí wọn ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Internet Explorer 5 kì í dédé béèrè fáìlì yẹn. Ìgbà téèyàn bá fi ìkànnì pamọ́ ló máa ń béèrè. Tí onílé bá wá ka iye ìgbà tí wọ́n béèrè favicon.ico, ó ti mọ iye àwọn tó ní i lọ́kàn láti padà wá. Nǹkan tẹ́ ẹ rò pé ẹ rọra fi sínú kọ̀ǹpútà yín, àwòrán ti lọ sọ ọ́!

Nígbà tó yá, àwọn browser yòókù náà gbà á, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì lókè. Àwọn oníjìbìtì náà ò sùn. Wọ́n ya àgádágodo, wọ́n fi ṣe favicon, kẹ́ni tó bá wo òkè lè rò pé ààbò wà níbẹ̀. Ọdún 2012 ni Firefox kó favicon kúrò níbi àdírẹ́sì, ó fi mọ sórí táàbù.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti 2021. Àwọn olùwádìí ní University of Illinois ní Chicago fi hàn pé browser máa ń tọ́jú favicon síbi ọ̀tọ̀, pé tẹ́ ẹ bá pa history yín rẹ́, ó lè má kan ibẹ̀ rárá. Ìkànnì kan lè fi àwòrán sí àwọn àdírẹ́sì kan, kó má fi sí òmíràn. Tẹ́ ẹ bá padà wá, èyí tí browser yín ò béèrè mọ́ ni wọ́n á fi dá yín mọ̀. Lọ́dún 1999, bíbéèrè ló ń ṣòfófó. Ní 2021, àìbéèrè náà ti ń ṣe é.

Ó yá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù. Látìgbà tí iPhone ti dé pẹ̀lú apple-touch-icon tiẹ̀, tí PNG àti SVG náà wọlé, ìkànnì kan lè ní àwòrán márùn-ún sí oríṣiríṣi ibi. Ìdí nìyẹn tí library fi wà fún un. Ọ̀kan wà ní Python tí orúkọ ẹ̀ gan-an ń jẹ́ favicon. Ẹ kọ favicon.get("https://www.python.org/"), á ka HTML ìkànnì yẹn, á wo àwọn link inú ẹ̀, á yẹ favicon.ico wò, á kó ohun tó rí wá, èyí tó tóbi jù lókè. Kóòdù ìlà kan. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

Ọ̀nà ọ̀lẹ náà wà: ẹ fi orúkọ ìkànnì ránṣẹ́ sí google.com/s2/favicons, Google á fún yín láwòrán. Ó yá, kò ní wàhálà. Àmọ́ ká ní áàpù tó ń bá èèyàn tọ́jú password lẹ ń kọ ńkọ́? Báńkì ẹni yẹn, ilé ìwòsàn tó ń lò, ibi tó ti ń wá ìyàwó, gbogbo ẹ̀ lẹ ti kà fún Google nítorí àwòrán tí kò tó èékánná. Bitwarden ní server tiẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, ó sì jẹ́ kí ẹni tí kò bá fẹ́ pa á.

Èmi, orí server mi ni mo ti máa ń lo library yẹn, kí ìkànnì rí server, kó má rí ẹni tó ń lo áàpù. Mo máa ń tọ́jú àwòrán fún oṣù kan, mi ò sì kọ orúkọ ẹni tó béèrè sílẹ̀. Tí ìkànnì kan ò bá ní favicon, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ẹ̀ ni mo máa ń fi síbẹ̀.